Ìyẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù

Obdulia ló se Bíṣọ́ọ̀bù jẹ. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kì í gbà kí ẹlòmíì kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí àlejò bá jókòó nídìí iná rẹ̀, kí wáìnì tó kan ètè onítọ̀hún, yóò ti la ẹnu pé, "Èmi tí ẹ ń wò yìí, kò sí òmùgọ̀ tó jù mí lọ ní gbogbo àfonífojì yìí. Mo pa Bíṣọ́ọ̀bù, mo fi àlùbọ́sà àti áyù sè é, mo sì fi búrẹ́dì nu ìkòkò." Yóò wá rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ tó tóbi yóò máa mì lábẹ́ aṣọ ìdáná bí ẹni pé àwọn kan ń jìjàkadì níbẹ̀. Bí ẹ̀rín bá tán, yóò fi etí aṣọ nu ojú, yóò ní èéfín ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bi í pé èéfín wo, nígbà tí iná ti kú.

Àkùkọ ni Bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ènìyàn Ọlọ́run. Ìrìn rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Á gbé àyà síwájú, á máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá gbé ìṣẹ́tí aṣọ lẹ́yìn, á sì máa fi ojú kan wo àwọn àgbébọ̀ bí ẹni pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bá wọn ṣe lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà, Obdulia ní ká má sọ ọ́ létí fadá.

Ní Otero, abúlé kékeré kan létí odò Curueño, a kì í sin irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ torí ẹran. Torí ìyẹ́ ni. Ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ìdí, tó gùn, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó le bí irun ẹlẹ́dẹ̀ tó sì ń dán bí ìgò, òun ni àwọn apẹja fi ń ṣe eṣinṣin. Wọn á mú ìwọ̀ kékeré, wọn á fi òwú ṣẹ́dà wé ìyẹ́ náà mọ́ ọn lára, títí yóò fi jọ kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jáde látinú omi nígbà ìrúwé. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, yóò fi ṣónṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúró lórí omi, kò ní rì, ẹja alámì pupa yóò sì gbéra láti ìsàlẹ̀ wá gbé e. Ẹja tí à ń wí yìí, ẹnikẹ́ni kò sìn ín. Odò ló bí i, òkúta ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì gbọ́n ju lọ́yà lọ. Fi ìyẹ́ adìyẹ lásán tàn án, yóò wò ọ́ bí ìyàwó ṣe ń wo ọkọ tó pẹ́ dé.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í pa wọ́n. Nígbà tí òṣùpá bá ń dín kù ni Obdulia ń fi itan méjèèjì há Bíṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, tí á máa fa ìyẹ́ rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíṣọ́ọ̀bù á máa ṣépè, Obdulia náà á máa ṣépè padà. Bí wọ́n bá parí, á fún un ní búrẹ́dì tó rẹ sínú wáìnì, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ìyẹ́ á tún hù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó ṣe máa bá a bọ̀ títí àkùkọ á fi darúgbó, tí a ó sì sin ín sábẹ́ igi ápù. Ẹni tó bá gbé ẹyin ìran wọn kọjá òkè lọ sí etí òkun, ẹyin á pa, ọmọ á dàgbà, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ á ṣú bí àkísà. Àwọn kan ní omi ibí ló fà á, àwọn kan ní òkúta ilẹ̀ ni. Obdulia ní àárò ilé ni, pé adìyẹ náà lọ́kàn.

Ti Bíṣọ́ọ̀bù tún wá yàtọ̀. Láti ọ̀dọ̀ ìyá Obdulia ni ìran rẹ̀ ti wá. Ìyẹ́ rẹ̀ rí bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ẹnìkan wá fi oyin ta tó-tò-tó sí káàkiri. Kò sí ilé mìíràn ní Otero tó ní irú rẹ̀.

Ẹni tó ń fi ìyẹ́ náà ṣe eṣinṣin ni Belarmino, àbúrò Obdulia ọkùnrin. Obdulia ló kọ́ ọ rìn, òun ló kọ́kọ́ fún un ní wáìnì, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbá a létí torí wáìnì. Jẹ́jẹ́ ni Belarmino, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Ọlọ́run pín fún àwọn méjèèjì, Obdulia ti kó o tán kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀rọ̀ ìyẹ́, ẹnu Belarmino labẹ gé e. Àwọn èèyàn á gbé ìyẹ́ wá bá a nílé ọtí Tarsicio, á mú un lọ sídìí fèrèsé, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún. Bó bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. Bó bá ní kò dára, kí olúwarẹ̀ yáa wá ìkòkò sílẹ̀ fún àkùkọ rẹ̀.

Ní ìparí ìgbà ìkórè kan, Obdulia tu ìyẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, ó dì í ní ìdì kan, ó sì gbé e lọ sílé ọtí pẹ̀lú ariwo. Ó ti ń yangàn láti ẹnu ọ̀nà pé kí ẹni tó bá ní ojú wá wo nǹkan. Belarmino gba ìdì náà, ó lọ sídìí fèrèsé. Ó yí i, ó tún yí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ, gbogbo ilé ọtí sì ń dúró dè é. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìdì náà kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó ti tán lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Kò dán mọ́. Ẹ máa fi nu tábìlì."

Ló bá kù sí ọwọ́ àwọn tó wà nílé ọtí. Ẹnìkan ní àbí Obdulia ti jẹ́ kí àgbébọ̀ funfun kan láti ọjà wọ ìdílé ọlọ́lá. Tarsicio fúnra rẹ̀ bèèrè bóyá àwọn sísítà ilé àdúrà ni Bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀ wò tó fi rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá tábìlì. Ìran ìyá wọn ni Belarmino sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí níwájú àwọn ọ̀mùtí, kò sì rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́. Obdulia fi ìdì ìyẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ilé lọ. Tarsicio gbá a mọ́ ìdọ̀tí nígbà tó ń palẹ̀ mọ́.

Inú bíbí, bó bá sùn sínú ènìyàn, ó máa ń jí pẹ̀lú ebi. Títí di ọjọ́ Sunday ni Obdulia ń bá ara rẹ̀ rò ó. Bí ìyẹ́ kan kò bá wúlò ju àkísà lọ, ẹni tó ni ìyẹ́ kò wúlò ju ọbẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú ńlá, Belarmino nìkan ló máa ń wá bá a jẹun ní ọjọ́ Sunday. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó jí láàárọ̀, ó pe Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù sì wá, torí ó rò pé búrẹ́dì ọlọ́tí ni. Ibẹ̀ yẹn ni Obdulia kì í fẹ́ sọ dáadáa tó bá ń sọ ìtàn náà. Ó máa ń sáré fò ó.

Ó sun ìyẹ́ náà níná, gbogbo rẹ̀, torí inú tó ń bí i kò jẹ́ kó ṣẹ́ nǹkan kù. Ẹran náà wá le bí ẹ̀kọ́ ìsìn. Láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì lù fún oúnjẹ ọ̀sán ló fi ń hó, pẹ̀lú àlùbọ́sà, áyù, ata pupa lílọ̀ àti wáìnì dúdú. Belarmino dé, ó jókòó, ó jẹ. Ó yin ọbẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Ó ń fa egungun ẹsẹ̀ lámu nígbà tó bèèrè pé àkùkọ wo lẹ̀gbọ́n pa tó dùn báyìí. Obdulia ti ń dúró de ìbéèrè náà láti òwúrọ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ sínú ẹnu bí ẹni fi òkúta sínú kànnàkànnà.

"Bíṣọ́ọ̀bù ni," ó wí. "Ṣe àmín." Ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Belarmino gbé egungun náà sẹ́bàá àwo. Ó to àwọn egungun yòókù tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ọbẹ̀ yìí dùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun." Ó mú fìlà rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn padé jẹ́jẹ́. Ká ní ó gbá ilẹ̀kùn ni, ká ní ó fọ́ àwo kan, Obdulia ì bá mọ èyí tí yóò ṣe. Jẹ́jẹ́ yẹn ni kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Sunday tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò wá. Yìnyín bo òkè, ó bo ọ̀nà, ó bo òrùlé ilé méjèèjì tí kò jìnnà síra wọn ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife wáìnì kan lọ. Obdulia ń rí èéfín ilé Belarmino láti ojú fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń wí fún àwọn àgbébọ̀ pé ẹni tó bá bínú kó wá, òun náà ń bínú. Ní ìgbà òtútù náà ni àwọn ọmọkùnrin Bíṣọ́ọ̀bù gba ìyẹ́ àgbà. Wọ́n yọ pupa rúsúrúsú, láìsí ojú oyin kan ṣoṣo lára wọn. Obdulia gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan lójú oòrùn, ó dà bí ẹni ń wá owó nínú aṣọ tí wọ́n ti fọ̀. Ìran náà ti tán. Ìkòkò òun ló parí rẹ̀ sí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, tí ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí àwọn igi etí odò, Nélida, ọmọ Belarmino tó ń gbé ní Gijón létí òkun, gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wọ Otero. Ilé Obdulia ló kọ́kọ́ yà sí. Ó jókòó nídìí iná, kò mu wáìnì, ó ní òun wá mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun, pé bí Àjíǹde bá ti kọjá àwọn ń lọ nìyẹn.

Obdulia ní kí ló dé, ṣé ọbẹ̀ òun náà ni.

"Ojú ni, Àǹtí," Nélida wí. "Ojú bàbá ti lọ. Wọ́n ń rí ẹ̀gbẹ́, wọn ò rí àárín. Tí wọ́n bá wò yín lójú báyìí, etí yín nìkan ni wọ́n ń rí. Ó ti pé ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀, dókítà ní kò sí àtúnṣe."

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí bàbá òun ṣe há gbogbo ọ̀nà Otero sórí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń mọ ohun tó wà nínú àwo, bó ṣe sun ọwọ́ rẹ̀ lórí sítóòfù lóṣù tó kọjá tó sì sọ pé ológbò ló ya òun. Ó ní òun rò pé Àǹtí mọ̀. Òun rò pé ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ń sè fún wọn ní ọjọ́ Sunday.

Ilé ọtí Tarsicio ló padà sí Obdulia lójú, pẹ̀lú fèrèsé yẹn, àti ìdì ìyẹ́ tí wọ́n ń yí síbí tí wọ́n ń yí sọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé Belarmino ń wo ìyẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń wá a ni. Ó ń wá ìyẹ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì rí i. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Obdulia ì bá fi gbogbo àgbébọ̀ ilé rẹ̀ rú u, ká ní ó ṣe é ṣe, kó sì fi ara rẹ̀ lé e.

Nélida ní nǹkan kan ṣoṣo ni bàbá òun ń bèèrè kí wọ́n tó lọ. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹja alámì kan sí i nínú ibú ilé ọlọ àtijọ́ tí omi odò ń yí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú eṣinṣin orí omi, bí bàbá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó sì dá a padà sómi. Eṣinṣin kan ló kù tó fi ìyẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, ó wà lára fìlà rẹ̀. Lóṣù yìí kòkòrò tó ń jáde lódò aláwọ̀ yẹn gan-an ni, àgbà ẹja inú ibú náà kì í sì í wo òmíràn. Ṣùgbọ́n kò lè rí eṣinṣin náà lójú omi, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. "Ní tèmi," Nélida wí, "mi ò mọ ẹja yàtọ̀ sí bàtà."

Obdulia bọ́ aṣọ ìdáná, ó lọ. Lójú ọ̀nà ló ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ tó dára, tí kò ní àwàdà nínú. Ó kan ilẹ̀kùn. Belarmino bèèrè láti inú ilé pé ta ni.

"Ẹni tó se Bíṣọ́ọ̀bù."

Belarmino ní, "Kí lẹ wá wá? Ṣé fadá ló kù tí ẹ fẹ́ sè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbọn ẹ̀bẹ̀ náà dànù lẹ́nu Obdulia pátá. Ẹ̀rín ló pa á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, nígbà tí yóò sì fi sinmi, ọ̀rọ̀ dáadáa tó tò jọ ti fọ́nká bí ọmọ adìyẹ. Ohun tó rí sọ kò ju pé òun yóò bá a lọ sódò, òun ni yóò jẹ́ ojú rẹ̀.

Belarmino ní ojú tó wà lókè ẹnu bẹ́ẹ̀ yẹn, kò wúlò lódò. Ó ní ẹja yóò ti gbọ́ ẹ̀gbọ́n kí ẹ̀gbọ́n tó jáde nílé. Obdulia búra pé òun lè dákẹ́. Ó búra pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn, ó búra pẹ̀lú ẹni mímọ́ tó ni Otero, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Bíṣọ́ọ̀bù búra kó tó gé ahọ́n jẹ. Belarmino rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré. Lẹ́yìn náà ló wá sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Kí Obdulia dúró lẹ́yìn òun, kó gbé ọwọ́ lé òun léjìká. Bí ó bá fẹ́ kí òun sọ okùn sí ọ̀tún, kó tẹ èjìká ọ̀tún, bó bá jẹ́ òsì, òsì. Kó má sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹja bá ti gbé eṣinṣin náà. Ẹja tó bá ti òkè gbé nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí orí sísàlẹ̀ kí ìwọ̀ tó lè dì í mú, ìdí nìyẹn tí bàbá wọn fi kọ́ wọn pé kí wọ́n sọ pé "Mo kí ọ Màríà" nínú ọkàn kí wọ́n tó gbé ọ̀pá. Belarmino ní òun ni yóò bójú tó Màríà. Ohùn ẹ̀gbọ́n ni òun yóò máa gbọ́.

"Bí mo bá ti gbọ́ yín, mo gbé ọ̀pá nìyẹn," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyọ kan ló kù."

Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ti mú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọlọ àtijọ́. Òrùlé ọlọ náà ti wó, ṣùgbọ́n ibú rẹ̀ ṣì wà, ó jìn, ó dúdú, omi ń yí po nínú rẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá kan. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Obdulia fẹsẹ̀ gún òkúta, omi tútù nini kún bàtà rọ́bà rẹ̀ dé ibi tí kò yẹ kí omi tútù dé ní ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì pariwo. Ó kàn di èjìká àbúrò rẹ̀ mú. Èjìká náà ti gbẹ. Nígbà wo ló gbẹ báyìí? Òun tó bọ́ ọ ní ọjọ́ Sunday gbogbo, òun kò rí i.

Àwọn kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ń gòkè láti inú omi, wọ́n ń na ìyẹ́ sókè bí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, omi sì ń gbé wọn lọ. Lábẹ́ gbòǹgbò igi náà, omi là, ó padé. Kò ní ariwo kankan, bí ẹni fi ètè kan ife. Àgbà ẹja ni. Àwọn wẹ́wẹ́ ló máa ń fò, tó ń pariwo. Obdulia mọ̀ ọ́n, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó tẹ èjìká òsì.

Belarmino sọ okùn. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀ o. Okùn náà ṣí lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni tẹ́ aṣọ, eṣinṣin sì balẹ̀ bí òwú. Ó jìnnà jù sí ọ̀tún. Obdulia tẹ òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e súnmọ́. Èyí tó tún tẹ̀ lé e bọ́ sójú ibi tó yẹ gan-an, ṣùgbọ́n ẹja náà kò gbéra. Belarmino fẹ́ atẹ́gùn sí eṣinṣin náà kó gbẹ, ó tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí. Ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lọ́fun Obdulia bí àgbò nínú ọgbà, ó ń gbé wọn mì. Ó fẹ́ sọ pé èjìká rẹ gbẹ. Ó fẹ́ sọ pé kí o má lọ sí Gijón, iyàrá wà nílé mi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ ìkankan. Bóyá òun kò tíì pẹ́ báyìí rí láìsọ̀rọ̀, àyàfi bó bá sùn, oorun náà sì ní tirẹ̀.

Eṣinṣin tún balẹ̀, ó ń bọ̀ lójú omi lábẹ́ gbòǹgbò. Obdulia rí ẹja náà. Ó gbéra láti inú òkùnkùn, ó tóbi ju bó ṣe rò lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí idẹ, àmì pupa lára rẹ̀ bí èso igbó. Ó wá dúró lábẹ́ eṣinṣin náà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìkùukùu là, tí oòrùn bọ́ sójú ibú.

Ìyẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù gbiná lórí omi. Gbogbo ojú oyin tó wà lára rẹ̀ ló tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, Obdulia lè kà wọ́n láti ibi tó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́jọ́ tó gbé ìdì náà wọ ilé ọtí pẹ̀lú ariwo. Kò ṣú rí, kò ṣú fún wákàtí kan ṣoṣo, òun tó dì í mú lọ́wọ́ sì mọ̀ nígbà náà, ó mọ̀, ó sì tún gbé ìkòkò kaná.

"Ó ń dán," ló wí.

Kò pariwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju èémí lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni Belarmino ń gbọ́. Ètè rẹ̀ kí Màríà, ó sì gbé ọ̀pá, nígbà tí ẹja náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa ẹnu dé. Ọ̀pá tẹ̀. Ìwúwo ńlá kan wà níbẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ojú, omi yí, ìrù kan gbá a, okùn já. Ọ̀pá náà nà padà gbọnrangandan. Ẹja náà lọ, pẹ̀lú eṣinṣin létí ẹnu rẹ̀. Obdulia ń wo omi títí ó fi padà dúdú.

Belarmino fa okùn wọlé. Ó fi àtàǹpàkò tọ ọ́ dé òpin, níbi tí kò ti sí nǹkan mọ́. Ó ń wá ọ̀nà padà sí bèbè, Obdulia sì fà á lọ́wọ́ títí ó fi rí òkúta kan jókòó lé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi ìka wá ibi tí eṣinṣin náà ti máa ń wà, bí ahọ́n ṣe ń wá ibi tí eyín ti yọ.

Ó bi Obdulia pé kí ló sọ.

Obdulia lè sọ pé òun ní ẹja ti gbé e. Irọ́ náà wà nítòsí, ó rọrùn, kò sì ní ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́. Ó jókòó tì í lórí koríko tútù, omi ń jáde lẹ́nu bàtà rẹ̀.

"Mo ní ó ń dán," ó wí. "Oòrùn bọ́ sí i lára. Ó ń dán, Belarmino."

Belarmino mi orí. Ó kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwọn tí ojú wọn rí bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè rí ènìyàn dáadáa. Ó ní òun mọ̀ pé ó ń dán. Ìka òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní fèrèsé ọjọ́ náà, etí ọwọ́ òun nìkan ni òun rí, gbogbo ilé ọtí sì ń dúró. Bí òun bá sọ pé òun kò rí i, ó parí fún òun nìyẹn, wọn yóò máa fa òun lọ́wọ́ lọ sílé bí ọmọdé. Bí òun bá sì ní ó dára láìrí i, ojú kan náà ni òun yóò fi máa yẹ gbogbo ìyẹ́ tó bá tún wá, òun yóò di òpùrọ́ sí gbogbo àfonífojì. Ló bá ní kí ẹ̀gàn náà kúkú bá àkùkọ, àkùkọ kò mọ ìtìjú. Òun rò pé ẹ̀gbọ́n yóò bú òun ni, bó ṣe máa ń bú òun, tí ọ̀rọ̀ yóò sì tán.

Obdulia bọ́ bàtà kan, ó da omi inú rẹ̀ sórí koríko.

Belarmino dé fìlà rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Obdulia kàn lórí koríko, ó dì í mú.

"Ṣùgbọ́n ilé yín kò jìnnà sí tèmi, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò wá bi mí, kí ẹ tó gbé omi kaná?"